Kí ló dé tí apẹja kékeré kì í fi odò sílẹ̀ nígbà tí ẹja bá wọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ mọ ohun tí apẹja tó ní ọkọ̀ kékeré máa ń gbé yẹ̀ wò kó tó pinnu bóyá òun yóò lọ sódò tàbí òun yóò wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ṣé owó nìkan ni?

Ìdáhùn kìíní: Owó nìkan kọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, apẹja ti wo ojú ọ̀run àti bí ìgbì ṣe ń ru, ó sì ti ṣírò bóyá ẹja tí òun máa rí yóò tó owó epo. Gbèsè ló ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ jù: ẹni tí oníṣòwò bá yá lówó láti fi ra àwọ̀n sábà máa ń ta ẹja fún un ní iye tí oníṣòwò náà bá dá, nítorí náà kò lè jókòó sílé. Ó dùn mí pé àwọn tó ń ṣòfin kì í sábà ka èyí sí.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn obìnrin. Ìròyìn kan tí FAO, ìyẹn àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lọ́wọ́ sí ní 2023 fi hàn pé nǹkan bíi 4 nínú 10 àwọn tó wà nínú iṣẹ́ yìí ni obìnrin. Àwọn tó ń yan ẹja, tí wọ́n sì ń tà á, ló mọ bí ọjà ṣe ń lọ, owó wọn ló sì ń gbé ilé ró nígbà tí odò kò bá gbè.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn ni n kò tíì rò tẹ́lẹ̀.