Bánkì ò fún mi ní káàdì tó ń ṣe cashback, kí ni kí n ṣe báyìí?

ÌyáÌbejì_Ijapo

Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Tíṣà ìjọba ni mí níbí ní Àkúrẹ́, mo sì ń ránṣọ díẹ̀díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bánkì tí owó oṣù mi ń wọlé sí ló fi mẹ́sèèjì ránṣẹ́ pé àwọn ní kírẹ́díìtì káàdì, ìyẹn káàdì téèyàn fi ń ra nǹkan láwìn lọ́wọ́ bánkì, tó ń ṣe cashback, pé téèyàn bá fi ra nǹkan àwọn á dá díẹ̀ padà fún un nínú owó ọ̀hún. Oríṣi méjì ni. Èkíní, 1% lórí gbogbo ohun tí mo bá rà, ₦3,000 ni wọ́n á máa gbà lọ́dún. Èkejì, 5% ni, àmọ́ súpámákẹ́ẹ̀tì àti epo mọ́tò nìkan, ohun tí wọ́n á dá padà ò lè ju ₦2,000 lọ lóṣù, mo sì gbọ́dọ̀ ná tó ₦50,000 lóṣù yẹn kí wọ́n tó san kọ́bọ̀, ₦10,000 lọ́dún.

Èmi rò pé 5% ṣáà ju 1% lọ, mo bá kọ̀wé fún èkejì, mo kó péésílíìpù àti sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà lọ, ó di ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ pé àwọn ò lè fún mi lásìkò yìí. Wọn ò sọ ìdí. Ó dùn mí gan-an torí mi ò jẹ bánkì kankan ní gbèsè. Àbúrò mi wá ní kí n lọ kọ̀wé sí bánkì mẹ́ta míì lẹ́ẹ̀kan náà, pé ọ̀kan á ṣáà gbà. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Àti pé èwo ló dáa gan-an nínú méjèèjì? Epo àti súpámákẹ́ẹ̀tì mi máa ń tó ₦60,000 lóṣù, àmọ́ tílé ìwé bá wà ní ọlidé kì í ju ₦40,000 lọ torí mi kì í gbé mọ́tò jáde.

Ẹ̀gbọ́n_Alágbàká

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má tẹ̀ lé ohun tí àbúrò yín wí yẹn rárá. Ẹ̀ka lóònù ni mo ti ṣiṣẹ́ ní bánkì kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo ìgbà téèyàn bá kọ̀wé béèrè káàdì tàbí lóònù, bánkì á lọ wo orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ kírẹ́díìtì bíúrò, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn jọ, wíwò yẹn pàápàá á sì hàn níbẹ̀ fún ẹlòmíì tó bá tún wá wò ó. Ẹni tó bá rí i pé bánkì mẹ́rin wo orúkọ yín láàárín oṣù kan, ohun tó máa kọ́kọ́ rò ni pé owó ti há obìnrin yìí.

Ohun tí màá kọ́kọ́ ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé màá gba ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè tèmi lọ́dọ̀ bíúrò wò. Bíúrò mẹ́ta ló wà ní Nàìjíríà, CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Òfin Credit Reporting Act ti ọdún 2017 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé yín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. BVN yín ni wọ́n fi ń wá yín, tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé rẹ̀ ẹ tẹ *565*0# lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀. Tí ìwé yẹn bá dé ọwọ́ yín ẹ fara balẹ̀ kà á láti òkè délẹ̀, gbogbo lóònù tẹ́ ẹ ti gbà rí, iye tó kù, iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fi pẹ́ kẹ́ ẹ tó san.

Ohun méjì ni mo sábà máa ń rí lára àwọn tíṣà tá a bá dá ìwé wọn padà. Ọ̀kan ni lóònù kéékèèké orí fóònù, èyí téèyàn yá ₦10,000 tó sì ti gbàgbé, tàbí tó san tán àmọ́ tí ẹni tó yá a lówó ò sọ fún bíúrò pé ó ti san. Ìkejì ni owó àjẹsẹ́kù, ìyẹn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tá a ń pè ní kọ́pà. Ẹ̀yin lè máa rí owó oṣù yín lódindi, àmọ́ bánkì ń wo ohun tó kù lẹ́yìn tí kọ́pà ti yọ tiẹ̀ lórí péésílíìpù. Tí wọ́n bá ń yọ ìdajì fún yín, tó bá yá kí ni wọ́n fẹ́ rí yọ tiwọn nínú rẹ̀?

Ẹ kọ lẹ́tà sí bánkì, ẹ béèrè ìdí tí wọn ò fi gbà á, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kan fún yín. Ẹ má bá ọmọ tó jókòó ní káńtà jà o, kì í ṣe òun ló dá a padà.

Ní ti káàdì, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ ná ₦60,000 ní gbogbo oṣù méjìlá. 5% rẹ̀ jẹ́ ₦3,000 àmọ́ ₦2,000 ni wọ́n fàyè gbà, ìyẹn ₦24,000 lọ́dún, ẹ yọ ₦10,000 kúrò, ó ku ₦14,000. Káàdì ti 1% á fún yín ní ₦7,200, ẹ yọ ₦3,000, ó ku ₦4,200. Ó jọ pé èkejì ló dáa. Àmọ́ ká wá ní oṣù mẹ́fà ni ẹ ò ná tó ₦50,000. Oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn òfo ni lórí èkejì, ₦12,000 ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa rí, ₦10,000 kúrò níbẹ̀, ó ku ₦2,000 péré. Èkíní á ṣì fún yín ní ₦6,000, tẹ́ ẹ bá yọ owó ọdún ó ku ₦3,000. Ẹ fi iye oṣù ọlidé yín gan-an ṣe é kẹ́ ẹ tó mú.

Aláṣọ_ỌjàỌba

Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n dáa àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi tọjà kún un. Níbo lẹ ti fẹ́ ná káàdì yìí? Èmi ń taṣọ ní Ọjà Ọba, bí èèyàn mẹ́wàá bá rà lọ́wọ́ mi, tíráńsífà ni wọ́n á fi san tàbí kí wọ́n kówó sílẹ̀. Tíṣu, tata, tẹja, bákan náà ni. Tíráńsífà kì í ṣe ríra ọjà pẹ̀lú káàdì, cashback ò sí níbẹ̀. Ẹ má ka owó oúnjẹ ọjà mọ́ ìṣirò yín o.

Ibi tó ti gbá mi mú rèé. Mo ní irú káàdì yẹn rí, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oní POS lẹ́bàá ọ̀nà, mo fi gba ₦80,000 lówó láti fi kún ọjà Kérésì. Mi ò mọ̀ pé owó yíyá nìyẹn, pé ọjọ́ yẹn gan-an ni èlé ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún gba owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Mo wá ń san kékeré tí wọ́n bá ní kí n san lóṣooṣù, mo rò pé mò ń san gbèsè, àṣé èlé ni mò ń bọ́. Ó di oṣù kẹfà ọdún kejì kí n tó bọ́ nínú ẹ̀, mo sunkún gan-an lọ́dún yẹn. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i gbà, ẹ má fi gba owó lọ́wọ́ oní POS láéláé, ìgbà tí wọ́n bá sì fi bíìlì ránṣẹ́ ẹ san gbogbo ẹ̀ pátá. Ká ní 3% ni èlé wọn lóṣù, ₦60,000 tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ láìsan á fa ₦1,800, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ₦2,000 tí wọ́n dá padà fún yín mì.

ỌmọEkimọgún

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ Oǹdó ni mí, Maryland ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Mo dá sí i torí mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá wá ọ̀rọ̀ cashback lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tọ̀dọ̀ wa níbí ló máa kún ojú yín, kò sì bá ti Àkúrẹ́ mu. Níbí, káàdì Citi Double Cash ń san 1% tó o bá rà á, 1% tó o bá san gbèsè rẹ̀, Chase Freedom Unlimited ń san 1.5% lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó o bá rà. Tí wọ́n bá dá ìwé rẹ padà, òfin ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà tàbí kí wọ́n sọ fún ẹ pé o lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìdí náà, o sì lè gba ìwé kírẹ́díìtì rẹ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọgọ́ta ọjọ́ lọ́dọ̀ bíúrò tí wọ́n lò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, kò sẹ́ni tó fún mi ní káàdì kankan torí mi ò ní ìtàn gbèsè rárá, mo ní láti fi owó tèmi dógò kí wọ́n tó fún mi ní káàdì, mò ń ná an mò ń san án, kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Àwọn bánkì kan nílé náà ń ṣe irú ẹ̀, cash-backed ni wọ́n ń pè é. Ẹ ṣọ́ra mà, orúkọ méjèèjì jọra, àmọ́ cash-backed kì í ṣe cashback. Cash-backed, owó yín ni wọ́n tì mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó yá yín. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń sọ gan-an kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù.

ÌyáÌbejì_Ijapo

Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á bù kún yín. Mo gba ìwé náà. Ọkàn mi já nígbà tí mo kà á. Lóònù ₦15,000 kan wà níbẹ̀ tí mo gbà lórí fóònù ní 2022 nígbà tí ara ìbejì ò yá, mo san án, mo ṣì ní álátì rẹ̀, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ku ₦1,200, pé ó ti lé lọ́dún méjì tí mi ò san. Owó tí wọ́n fi kún un torí mo pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo ti san án lánàá, mo fi álátì méjèèjì ránṣẹ́ sí wọn àti sí bíúrò.

Bánkì náà ti dá lẹ́tà mi lóhùn, wọ́n ní gbèsè tí kò tíì parí àti owó tí wọ́n ń yọ lórí péésílíìpù mi ló fà á. Òótọ́ ni, lóònù kọ́pà tí mo fi ra maṣíìnì ìránṣọ ṣì ku oṣù mẹ́rin. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé mi ò ní kọ̀wé síbì kankan títí ìyẹn á fi parí. Tó bá yá, káàdì ti 1% ni màá béèrè, torí mo fi ọlidé mi ṣe ìṣirò Ẹ̀gbọ́n, mo tún yọ gbogbo owó Ọjà Ọba kúrò, oṣù márùn-ún péré ló kù tí ìnáwó mi á tó ₦50,000.

Ẹ̀gbọ́n_Alágbàká

Ẹ ṣe é dáadáa mà. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn tó yá yín lówó pé ẹ ò jẹ wọ́n mọ́, álátì nìkan ò tó. Kẹ́ ẹ sì tún wo ìwé bíúrò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i ṣáájú kẹ́ ẹ tó padà lọ bá bánkì, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé ₦1,200 yẹn ti kúrò.