Kí ló dé tí PSFS ṣì wà lórí hòtẹ́ẹ̀lì yìí?

Ẹ káalẹ́ o. Mò ń lọ sí Philadelphia fún ìpàdé kan, hòtẹ́ẹ̀lì Loews tó wà ní Market Street ni wọ́n gbà fún wa. Mo wá wo fọ́tò ẹ̀, PSFS gàdàgbà ni mo rí lórí ilé, pupa fòò, kò sí Loews kankan ńbẹ̀. Ṣé ilé yẹn náà ni àbí wọ́n fẹ́ gbá mi? Wọ́n tún ní ọ́fíìsì ni tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n lọ fi mí sí yàrá tí ò ní fèrèsé o.

— Òun náà ni, fọkàn balẹ̀. Báńkì kan, Philadelphia Saving Fund Society, ló kọ́ ọ ní 1932, alájà 36, orúkọ yẹn gùn jù láti gbé sókè ni wọ́n fi gé e sí lẹ́tà mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 27. Báńkì wọlẹ̀ ní 1992, 2000 ló di hòtẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n láti 1976 ni Amẹ́ríkà ti kà á mọ́ ilé ìtàn, ẹni tó bá sì tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe láìba ìrísí ẹ̀ jẹ́, ìjọba lè fi ìdá 20 nínú 100 owó àtúnṣe yẹn dín owó orí ẹ̀ kù. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tó máa lọ yọ lẹ́tà?

— Ti fèrèsé yẹn, ilé àtijọ́ gan-an ló dáa jù. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Eléyìí, ẹ̀yìn ni wọ́n kó lífìtì sí, ilé wá rí bíi T, iwájú ṣẹ́kù fún yàrá. Àwọn onígíláàsì tòde òní ló ń yọni lẹ́nu, àárín wọn fẹ̀ jù, ó ṣókùnkùn. Omi ni wàhálà: ọ́fíìsì, ojú kan ni tọ́ílẹ̀ẹ̀tì wọn máa ń wà lórí àjà kọ̀ọ̀kan, hòtẹ́ẹ̀lì fẹ́ balùwẹ̀ ní gbogbo yàrá, kọnkéré ni wọ́n máa lu láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí páìpù tó kọjá.

— Ẹ má gbàgbé àjà kejì o! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sanwó sí báńkì nígbà yẹn, wọ́n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn onísọ̀ọ̀bù, àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra ẹ̀ ló ń gbé oníbàárà lọ sókè. Ibi àríyá ló ti dà báyìí.

— Ẹ ṣeun gan-an. Màá kàn ní kí dírẹ́bà máa tẹ̀lé lẹ́tà pupa yẹn lọ.