Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti wú nítorí Dexa: ṣé kí a fi epo ẹja rọ́pò rẹ̀?

Àbúrò Wọn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 52, ni orí ń fọ́ láàárọ̀ láàárọ̀, tí wọ́n sì ń bì. Nígbà tó yá, ọwọ́ òsì wọn kò lè di ife tíì mú mọ́. A ṣe MRI, àwòrán inú orí, dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ, èsì tó jáde ni glioblastoma, jẹjẹrẹ ọpọlọ ìpele kẹrin. Wọ́n ti gba ìtànṣán 11 nínú 30. Wọ́n ń lo kápúsù temozolomide, oògùn jẹjẹrẹ, lójoojúmọ́, wọ́n sì ń lo Dexamethasone (Dexa), oògùn tó ń dín wíwú inú ọpọlọ kù, láàárọ̀ àti alẹ́.

Dexa yìí ló gbé mi wá síbí. Ojú wọn ti wú débi pé ẹni tó bá pẹ́ tó rí wọn kò ní dá wọn mọ̀. Aago méjì òru ni wọ́n ń dìde lọ ro ẹ̀bà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sókè. Wọn kì í gbóhùn sókè tẹ́lẹ̀, àmọ́ ní báyìí ohun tí kò tó nǹkan ló ń bí wọn nínú. Ẹnìkan tó ń ta oògùn wá gbé ike epo ẹja mẹ́rin wá. Ó ní ọ̀rá burúkú ló ń bọ́ kókó inú ọpọlọ, pé omega-3, ọ̀rá inú epo ẹja, yóò yọ́ ọ, kí a pa Dexa tì. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á gbọ́, wọ́n fi Dexa sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kẹta, orí fífọ́ padà dé, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀. A gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn, dókítà dá oògùn náà padà, ara wọn sì ti ń balẹ̀. Àmọ́ wọ́n ṣì ń bi mí léèrè epo ẹja yẹn. Ṣé òótọ́ kankan wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbọdọ̀ dédé fi Dexa sílẹ̀ mọ́. Bí èèyàn bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á dẹ́kun ṣíṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín in kù. Bí a bá já a gbà lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀, èèyàn lè dákú. Bẹ́ẹ̀ ni wíwú inú ọpọlọ á padà, egungun agbárí kì í sì í fẹ̀ fún un. Ohun tó fa ẹsẹ̀ wíwọ́ yẹn nìyẹn.

Ti àìsùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n lè máa lo ti alẹ́ ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Dexa alẹ́ kì í jẹ́ kí èèyàn sùn.

Apòògùn:
Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rá, àmọ́ ibi tí òótọ́ náà dorí kọ kọ́ ni ẹni yẹn ń darí yín lọ.

Bí a bá fa omi inú ọpọlọ gbẹ, nǹkan bí ìdajì èyí tó kù, ọ̀rá ni. Ọ̀rá yìí ń jẹ́ iṣẹ́. Lára awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rá yìí wà tó ń jẹ́ arachidonic acid. Bí nǹkan bá dà sẹ́ẹ̀lì láàmú, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ phospholipase A2 á gé e kúrò bí àlùmọ́gàjí, ẹ́ńsáìmù míì, COX-2, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di prostaglandin E2. Òun wà lára ohun tó ń mú ojú ọgbẹ́ wú, tó ń gbóná, tó ń dunni. Iṣẹ́ lórí àwọn prostaglandin ni Sune Bergström, Bengt Samuelsson àti John Vane fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1982.

Nínú glioblastoma, kókó náà àti àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò tó yí i ká ń tú prostaglandin E2 jáde, ó sì ń sọ fún àwọn ọmọ ogun ara pé kí wọ́n káwọ́ gbera. Ọ̀rá míì, sphingosine-1-phosphate, ń ti sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wọnú ọpọlọ tó dára. Ó wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ lè kó kókó náà tán.

Dexa tí wọ́n ní kí ẹ jù nù, ẹnu àlùmọ́gàjí yẹn gan-an ló ń dì mú. Ó ń mú kí ara pèsè èròjà kan, annexin A1, tó ń dá phospholipase A2 dúró, ó sì ń dí ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń jò sínú ọpọlọ. Ẹni tó ní kí ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ lè bá ọ̀rá jà ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ yín.

Omega-3 ní iṣẹ́ tirẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni ara ti ń ṣe àwọn resolvin, tí Charles Serhan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston ṣàwárí, tó ń sọ fún wíwú pé ó tó gẹ́ẹ́. Nínú àwo yàrá ìwádìí, DHA, ọ̀kan lára omega-3, ti ṣèpalára fún sẹ́ẹ̀lì glioma, ẹ̀yà kókó ọpọlọ tí glioblastoma wà lára rẹ̀. Àmọ́ àwo kọ́ ni orí èèyàn, kò sì sí ìwádìí lára èèyàn tó fi hàn pé epo ẹja yọ́ glioblastoma. Temozolomide a sì máa dín ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù. Epo ẹja lápọ̀jù lè dá kún un. Ẹ gbé ike náà han dókítà kó tó kan ẹnu wọn. Ẹja títusì inú ọbẹ̀ kò léwu. Aspirin àti ibuprofen ni kí ẹ má fi kún Dexa láìgbàṣẹ, wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí ikùn, kó máa ṣẹ̀jẹ̀.

Bàbá Ọ̀yọ́:
Ẹ jáwọ́ nínú epo pupa pátápátá. Ọ̀rá inú rẹ̀ ló ń gun orí.

Apòògùn:
Bàbá, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, kòlẹ́sítírọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan, inú oúnjẹ kì í kọjá sínú ọpọlọ; ọpọlọ ló ń ṣe tirẹ̀. Ẹ má fi ebi kún ìyà aláìsàn.

Ìyá Adé:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọkọ mi lo Dexa fún oṣù méje kó tó lọ. Ìbínú yẹn, oògùn ló ń sọ̀rọ̀. Sọ fún ìyàwó wọn kó má gbà á sọ́kàn. Èmi gbà á sọ́kàn, ó ń dùn mí dòní. Ebi òru, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà díẹ̀ ni kí ẹ gbé sílẹ̀ dípò ẹ̀bà, torí ṣúgà. Kí ẹ sì máa kọ aago tí wọ́n lo oògùn kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ni mo so tiwa mọ́, pẹ̀lú bírò.

Àbúrò Wọn:
Ẹ ṣé, Ọlọ́run á dá yín lóhùn. A gbé ike náà han dókítà. Ó ní kí a gbé e pamọ́ títí ìtànṣán á fi parí. Ó ti sún Dexa kejì sí aago méjì ọ̀sán, ó kọ oògùn ṣúgà. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Adé fún ìyàwó wọn nínú ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpótí, ó sunkún.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n mi sùn títí di aago márùn-ún. Ìyàwó wọn ni kò sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló tan fóònù sí wọn láti wò ó bóyá wọ́n ń mí.