Fíìmù àtijọ́ tí wọ́n ti ń ju kéèkì lu ara wọn lójú: kí ló dé tí tèmi gé?

Ìyá Dàmi: Ẹ kú ilé o. Dàmi á pé ọdún 7 ní Sátidé, mo sì ń wá nǹkan tó máa pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín yàtọ̀ sí kátúùnù. Fíìmù kan wà, kò ní ohùn rárá. Ọkùnrin sísanra kan àti èkejì rẹ̀ tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, gbogbo àdúgbò ń ju kéèkì oníkirimu lu ara wọn. Èyí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ló kún inú ẹ̀, ó sì gé kó tó dé ibi kéèkì. Kí ló tún dé tí àwọn ará ayé ìgbà yẹn ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé?

Àlàbí Onísinimá: Ẹ kú ìmúra, Ìyá Dàmi. The Battle of the Century lẹ ń wá. Àwọn aláwàdà méjì, Laurel àti Hardy, ló ṣe é: Laurel ni pẹ́lẹ́ńgẹ́, Hardy ni sísanra. Ìparí ọdún 1927 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Laurel jẹ́ akànṣẹ́ tí kò mọ ẹ̀ṣẹ́ kàn. Hardy ra ìnsọ́ránsì lé e lórí, ó wá ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè ṣubú, kówó lè wọlé. Ẹni tó ń gbé páì ló tẹ̀ ẹ́! (Kì í ṣe mítì páì tiwa o, kirimu ló wà nínú ẹ̀.) Ohun tí mo gbádùn ni pé kò sẹ́ni tó kàn ń jù ú: olúkúlùkù ló kọ́kọ́ jẹ páì tí kò bá a wí kó tó wọ ìjà. Ẹni tó wà lórí àga oníṣègùn eyín pàápàá, ẹnu tó là sílẹ̀ ni tirẹ̀ bọ́ sí. Wọ́n ní páì bíi 3,000 ni wọ́n lò.

Rílì (ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ká fíìmù sí) méjì ni. Ìkejì sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi ìwọ̀nba tí Robert Youngson, ẹni tó ń kó fíìmù àwàdà àtijọ́ jọ, fi sínú fíìmù àkójọ rẹ̀ ní 1957. Ní 2015 ni Jon Mirsalis, olùkó-fíìmù-jọ kan, rí odindi rílì kejì náà láàárín fíìmù tí Youngson fi sílẹ̀. Ẹ wá ẹ̀dà tí wọ́n tún tò pọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ibi ìnsọ́ránsì ṣì sọnù.

Ní ti eré sísá: ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà, àwòrán bíi 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ohùn dé, ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù hàn wá ń yí 24, ni gbogbo ènìyàn bá ń sáré. Àwọn aláwàdà míì sì ń mọ̀ọ́mọ̀ yí kámẹ́rà jẹ́jẹ́ kí eré lè yá lójú. Fún àwọn tó jáde ṣáájú 1920, ẹ tẹ 0.75 lórí YouTube. Ti 1927 yìí kò nílò rẹ̀.

Ṣọlá Akọrin: Ẹ má fi í sílẹ̀ láìlórin. Nígbà yẹn gan-an, wọ́n ń tẹ dùùrù sí i nínú gbọ̀ngàn.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò lè fi han tèmi láéláé. Ta ló máa fọ aṣọ?

Ìyá Dàmi: Ìyá Ìbejì, orí kọ́bọ́ọ̀dù ni kéèkì Dàmi á wà títí fíìmù á fi parí! Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, mo ti rí odindi rẹ̀. Obìnrin tó jókòó lé páì níparí, tó gbọn ẹsẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ, Bàbá Dàmi ti dá a padà wò títí. Èwo lẹ tún ní?