Kí ló ń dá ìtọ́jú orí pípá pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì dúró?

Àjọkẹ́_T
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà yọ sẹ́ẹ̀lì lára gbòǹgbò irun ẹ̀yìn orí, wọ́n á jẹ́ kó pọ̀ sí i nínú láàbù, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ gún un síbi tó ti pá. Ó pẹ́ tó ti ń mú irun hù lára eku. Kí ló dé tí tènìyàn ò tíì yọrí? Ṣé òun náà sì ni abẹ́rẹ́ "stem cell" (sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn) tí wọ́n ń polówó kiri?

Baba_Awọ
Kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i kọ́ ni wàhálà. Iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń gbàgbé. Dermal papilla ni à ń sọ, ìdìpọ̀ bíńtín tó wà nísàlẹ̀ pátápátá gbòǹgbò irun, tó ń pàṣẹ fún awọ tó yí i ká pé kó hu irun. Bí a bá dà á sínú abọ́ láàbù, á tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ìsàlẹ̀ abọ́, á máa pín lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ti eku máa ń ṣù jọ padà fúnra rẹ̀. Tènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 2013, ẹgbẹ́ Colin Jahoda àti Angela Christiano, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣèwádìí irun, dọ́gbọ́n sí i. Wọ́n kán omi tí sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ sára ọmọrí abọ́, wọ́n dojú ọmọrí dé, ẹ̀kán omi wá ń rọ̀ dirodiro. Sẹ́ẹ̀lì rọ́ lọ sísàlẹ̀ ẹ̀kán, ó sì ṣù róbótó. Wọ́n fi ìṣù yìí sínú awọ ènìyàn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eku. Nínú ìgbà 7, irun hù nígbà 5, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán. Àmọ́ nínú iṣẹ́ jíìnì (ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì) tó ti dàrú nínú abọ́, nǹkan bí ìdá 22 nínú 100 péré ló padà bọ̀ sípò.

Ṣadé_láàbù
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì mìíràn ti dé orí ènìyàn. Ní Japan, ọkùnrin 50 àti obìnrin 15 gba abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì tiwọn fúnra wọn, láti inú awọ fẹ́lẹ́ tó bo ìsàlẹ̀ gbòǹgbò irun (èsì rẹ̀ jáde ní 2020). Ibi 4 ni wọ́n gún lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: mílíọ̀nù 7.5, mílíọ̀nù 1.5, 300,000, àti omi tí kò ní sẹ́ẹ̀lì. Ẹ wá gbọ́ o: 300,000 yẹn ló fi irun kún un ní oṣù 6 àti 9. Ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé irun bò ṣìkìtì. Èrò wọn ni láti fún gbòǹgbò tó ń tín-ín-rín lókun, kì í ṣe láti dá tuntun sórí tó ń dán.

Ẹ̀yìn orí ni wọ́n ti ń mú un torí pé họ́mọ́ọ̀nù DHT tó ń mú gbòǹgbò iwájú tín-ín-rín kì í rí tẹ̀yìn gbé ṣe.

Kọ́lá_R
Ẹ bi àwọn tó ń polówó yẹn pé: sẹ́ẹ̀lì wo ni, mélòó ni, ọ̀sẹ̀ mélòó ló lò ní láàbù? Bí wọ́n bá fa nǹkan jáde láàárọ̀ tí wọ́n gún un padà lọ́sàn-án, kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan tó pọ̀ sí i níbẹ̀. Ọ̀rá ara ni, tàbí PRP, tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yí nínú ẹ̀rọ. PRP ń ran àwọn kan lọ́wọ́, n kò jiyàn, àmọ́ orúkọ tí wọ́n fún un ni kò tọ́. Exosome, àpò bíńtín tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde, kì í tilẹ̀ ṣe sẹ́ẹ̀lì. FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ ní 2019 pé àwọn ò fọwọ́ sí exosome kankan.

Èyí tí wọ́n ń fi iPSC ṣe (sẹ́ẹ̀lì ara tí wọ́n dá padà sí ipò ìbẹ̀rẹ̀, kó lè di oríṣi mìíràn) ní ewu tirẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́ bá ṣẹ́kù nínú abẹ́rẹ́, ó lè di kókó. Irun tuntun sì lè kọjú síbi tó wù ú, tàbí kó há sábẹ́ awọ, kó wú.

Àjọkẹ́_T
Ẹ ṣeun gan-an. Kí lèèyàn wá lè ṣe kó tó délẹ̀?

Baba_Awọ
Ẹ má jẹ́ kí gbòǹgbò tó kù lọ. Minoxidil ìdá 5 nínú 100 tí à ń fi pa orí, àti oògùn oníhóró finasteride míligíráàmù 1 lójúmọ́ fún ọkùnrin. Dókítà ni kó kọ ọ́. Ó tó oṣù mẹ́fà kí ẹ tó lè sọ pé kò ṣiṣẹ́, irun sì lè kọ́kọ́ já sí i lọ́sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń lo minoxidil. Aboyún ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan finasteride tó ti fọ́.