Ṣíà ni àbí káàdì alájọ? Lórí epo àti gáàsì Rọ́ṣíà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Àbúrò wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní ìyá òun béèrè lórí fóònù pé kí ni òun fi owó òun rà ní Rọ́ṣíà gan-an, òun ò sì rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò yé ìyá. Ẹ̀gbọ́n wa ti Ìbàdàn dáhùn pé kò le: "ìpín ìdókòwò" ni ohun tó rà (ṣíà, ìyẹn apá kan nínú ilé-iṣẹ́ tí ẹni fowó rà), "èlé" ni wọ́n ń san lórí rẹ̀, "afẹ́fẹ́ gáàsì" ni ilé-iṣẹ́ náà sì ń tà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gún.

Ẹ jẹ́ n tètè kúrò lórí gáàsì. Bí ẹ bá pe gáàsì fún ìyá kan ní Bódìjà, sìlíńdà tó fi ń se ọbẹ̀ ni yóò rò. Propane àti butane ló wà nínú ìyẹn, tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi di omi. Methane ni Gazprom, ilé-iṣẹ́ gáàsì ìjọba Rọ́ṣíà, ń tà, inú páìpù ló sì ń gbà láti Sàìbéríà. "Gáàsì inú ilẹ̀" tó mi. Ẹ bá mi yọ "afẹ́fẹ́" kúrò, ohun tó ń fẹ́ ni afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ àdáṣe sì ni gáàsì fúnra rẹ̀: Jan Baptist van Helmont, ọmọ Flanders, ló hun ún ní ọ̀rúndún 17 láti ara "chaos" àwọn Gíríìkì. Ọ̀pọ̀ èdè ló gbà á ṣọmọ.

Ẹni tó bá rò pé orúkọ ò tó nǹkan, kó rántí oṣù kẹfà 2009 ní Abuja, tí Gazprom àti NNPC da ilé-iṣẹ́ kan pọ̀, tí wọ́n sọ ọ́ ní Nigaz. Wọ́n mú orí Nàìjíríà, wọ́n mú orí Gazprom, wọ́n so ó pọ̀, ó dán lójú wọn. Àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ẹnu sílẹ̀, torí èébú tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ni etí wọ́n gbọ́.

Ó wá kan ṣíà. Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ àyálò ni, pé "ìpín ìdókòwò" ló mọ́. Ta ló ń sọ ọ́ o? Nígbà tí òfin 1972 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ta lára ohun ìní wọn fún ọmọ Nàìjíríà, bàbá mi rà níbẹ̀. "Mo ní ṣíà" ló máa ń wí. Bí àpòòwé bá dé láti Èkó, á kígbe sí màmá mi ní yàrá pé, "Owó ṣíà ti dé o!" Ìpín ní iṣẹ́ mìíràn lẹ́nu wa: ìpín ò gbóògùn, a kì í sì í rà á lọ́jà. Àwọn ará Rọ́ṣíà tó ni epo rọ̀bì náà, aktsiya ni wọ́n ń pe ṣíà, birzha ni wọ́n ń pe ọjà tí wọ́n ti ń tà á. Ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n ti yá méjèèjì, ojú ò tì wọ́n.

Èyí tí wọ́n dá fúnra wọn, ẹ̀dùn ọkàn ló bí i. Ní 1992 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí wọ́n kọ rúbù 10,000 sí lára, kí wọ́n fi gba ṣíà nínú ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ní 1995 ìjọba yìí kan náà fi ṣíà ilé-iṣẹ́ epo Yukos àti Sibneft dógò lọ́dọ̀ àwọn oníbáńkì. Gbèsè ò di sísan, àwọn tó gba ìdógò sì di olówó epo. (Zalog ni ìdógò lédè wọn, ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ fún ìyẹn, kó má wá a jìnnà.) Privatizatsiya ni ìjọba pe gbogbo ètò náà. Àwọn aráàlú ki ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "já gbà" bọ̀ ọ́ láàárín, ó di prikhvatizatsiya, bí ìgbà tí a bá yí "ìsọdi-ti-aládàáni" sí "ìsọdi-ti-alágbára". Kò sí ìgbìmọ̀ èdè tó lè jókòó dá irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àbúrò, ṣíà gan-an kọ́ lo rà. Mọ́sìkò ni ṣíà Gazprom àti ti ilé-iṣẹ́ epo Lukoil wà. Báńkì kan nílẹ̀ òkèèrè ló gbà wọ́n pamọ́, tó wá ń tẹ ìwé jáde lé wọn lórí, ìwé yẹn ni wọ́n ń fi dọ́là tà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di 2022. Ìwé Gazprom kan dúró fún ṣíà méjì. Ti Lukoil, ọ̀kan fún ọ̀kan. Ẹ rántí káàdì alájọ: páálí pẹlẹbẹ, ojú ilé 31, alájọ á fàlà sí ọ̀kan lójúmọ́, á sì mú owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀ lóṣù. Báńkì náà ń yọ tirẹ̀. Káàdì wà lọ́wọ́ rẹ, owó wà lọ́wọ́ alájọ. Mo dábàá "ìwé alágbàpamọ́" fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní depositary receipt. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ó sọ ọwọ́ ẹni tí nǹkan wà.

Ọjọ́ 24 oṣù kejì 2022 ni Rọ́ṣíà kógun wọ Ukraine. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ọjà Lọ́ńdọ̀nù dá títa àwọn ìwé náà dúró. Oṣù kẹrin, Rọ́ṣíà ṣòfin pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fòpin sí wọn. Àbúrò ní iye tó wà lójú fóònù òun ò yí padà mọ́, ó dúró bí aago tó kú sára ògiri. Sọ fún Màmá pé alájọ ò sá. Ìlú tí owó wà ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kí wọ́n má sì rò pé ṣíà gidi ì bá yọ ọ́: BP, ilé-iṣẹ́ epo Gẹ̀ẹ́sì, tó ní 19.75% nínú Rosneft, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba Rọ́ṣíà, kéde pé òun ń jáde, ó sì ka àdánù tó lé ní bílíọ̀nù 24 dọ́là.

"Gbẹ́sẹ̀ lé" bá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó àbúrò mu. Ẹsẹ̀ wà lórí nǹkan, a ò tíì gbé e lọ. Ti Yukos ni gbígbà: ìjọba mú Khodorkovsky, olówó Yukos, ní 2003, wọ́n ta ibi tí epo rẹ̀ ti ń wá jù ní oṣù kejìlá 2004, kò pẹ́ tí Rosneft fi ni ín. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan pe méjèèjì.

"Èlé" ńkọ́? Ẹni tó yáni lówó ló ń gba èlé, bí ọjà tà, bí ò tà. Owó ṣíà ni èyí tí ilé-iṣẹ́ bù nínú èrè rẹ̀ fún àwọn oníṣíà, bí wọ́n bá dìbò pé kó bù ú. Ní 2021 èrè Gazprom lé ní tírílíọ̀nù 2 rúbù. Ìgbìmọ̀ olùdarí dábàá rúbù 52.53 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2022 ìpàdé àwọn oníṣíà dìbò pé wọn ò ní san kọ́bọ̀, ìjọba ló sì ni èyí tó ju ìdajì lọ nínú ṣíà náà. Gbólóhùn tí mo fẹ́ kí a lè sọ ni: "Gazprom jèrè, kò san owó ṣíà." Ẹ fi "èlé" tàbí "èrè" síbẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ṣì ní ìtumọ̀. Ti bàbá mi ni mo gbà.

Ọ̀kan ló kù tí mi ò rí ojútùú rẹ̀. Surgutneftegas, ilé-iṣẹ́ epo Rọ́ṣíà mìíràn, ní ṣíà oríṣi méjì. Ọ̀kan ń dìbò. Èkejì kì í sábà dìbò, àmọ́ òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù fún. Lórí 2023, tí rúbù wálẹ̀, tí òkìtì dọ́là ilé-iṣẹ́ náà sì wú, olùdìbò gba rúbù 0.85, èkejì gba 12.29. Àbúrò pè é ní "ṣíà ààyò". Mo rẹ́rìn-ín, torí ìyàwó ààyò tí mo mọ̀ ní agboolé wa, òun gan-an lẹnu rẹ̀ ń tólẹ̀ jù. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó gbé e wá.