Mo ń lọ wẹ ọmọ ní Àkúrẹ́, ta ni yóò bá mi tọ́jú ológìnní mẹ́ta?

Ìyá Aránṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi obìnrin bímọ ní Àkúrẹ́, mo fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ológìnní mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi: Gàárì, Ṣàwá àti Dúdú. Gàárì funfun báláú, ṣùgbọ́n kì í jẹ ẹ̀bà gàárì Ìjẹ̀bú, ó kan jù fún un. Gàárì pupa ni kí n fi tẹ tirẹ̀, kí n fi ẹja pò ó. (Ọmọ Ìjẹ̀bú wo nìyẹn?)

Alájọgbé mi tó ń ta gàárì ní òun á máa fún wọn lóúnjẹ. Ẹnu lásán ni. Ìgbálẹ̀ ló fi ń lé Dúdú, ó ní ojú tó fi ń wo òun kì í ṣe ojú ẹran. Mo ní kí n kúkú kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ wọ ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà ní bí ológìnní bá fi lè ké nínú ọkọ̀ òun, èrò á sọ̀ kalẹ̀ tán. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìpẹru
Màmá, ẹ má kó wọn lọ ibì kankan. Ajá ló ń tẹ̀ lé olówó rẹ̀. Ológìnní, ilé ló mọ̀. Mo gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ṣàgámù nígbà tí mo ń lọ Kánò. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló gba ojú fèrèsé sá lọ. Ọjọ́ kẹfà la tó rí i nínú àjà ilé kejì, ó ti gbẹ bíi pàǹlá. Ẹ wá ẹni tí á máa wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kó má ṣe bu oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta kalẹ̀ o, èèrà ni á jẹ ẹ́.

Olùtọ́jú Ẹran, Ìlíṣàn
Kí ẹni náà máa wo abọ́ àti yanrìn tí wọ́n ń ṣu sí. Ológìnní tí kò bá jẹun fún ọjọ́ méjì, àgàgà èyí tó sanra, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Akọ tó ń lóṣòó sórí yanrìn tí ìtọ̀ kò jáde, ọjọ́ yẹn náà ni kí wọ́n gbé e wá. Ẹ má jẹ́ kó fún wọn ní paracetamol láé, ẹyọ kan lè pa ológìnní. Kí ẹ tó lọ, ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún wọn.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ bi ìyá oní-gàárì yẹn léèrè: láti ìgbà tí Dúdú ti dé, eku mélòó ló ti rí nínú àpò gàárì rẹ̀? Ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó má da oògùn eku sílẹ̀.

Ìyá Aránṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló gbà á. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, owó ẹja lọ́tọ̀. Ẹja gbígbẹ ni mo rà ní Òkè Ajé, torí iná wa kò ṣeé fi ẹja tútù lé lọ́wọ́. Mo béèrè ọ̀rọ̀ eku lọ́wọ́ alájọgbé mi. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan Dúdú o, ṣùgbọ́n òun á máa ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi, láti ojú fèrèsé òun.